Ó Ku Nǹkan Kan

Nígbà tí Fúàdì ti ṣọ́ọ̀bù pa ní Dátímọ́ọ̀tù,
tó lẹ bébà mọ́ gíláàsì pé ó dàbọ̀, orúnkún òun ti kọ ìdúró,
Fọlárìn ọmọ mi kò sunkún.
Ó kàn bi mí nínú mọ́tò pé,
"Ta ni yóò wá máa ṣe dónéà wa?"
Mo ní, "Èmi ni."
Ẹnu mi ló kó bá mi.

Èmi tí mo ń fọ ara àwọn arúgbó
láti aago mẹ́ta ọ̀sán títí di mọ́kànlá alẹ́,
èmi tí mo mọ ìrẹsì, tí mo mọ ẹ̀wà, tí ọbẹ̀ mi ń ta sánsán.
Ṣùgbọ́n ẹran tí wọ́n fi irin gún láàárín, tó ń yí níwájú iná
bí ẹni tó ń wá ibi tí yóò kọjú sí,
èyí kò sí nínú ohun tí ìyá mi kọ́ mi ní Ìkìrun.

Mo ra ẹran màlúù lílọ̀, kílò kan àtààbọ̀.
Mo da aáyù gbígbẹ sí i, ata gígún, iyọ̀.
Mo pò ó, mo yan án.
Bí mo ti fi ọ̀bẹ kàn án báyìí, ó rún wómúwómú.
Wọ́n ní ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á;
èyí pa owó, kò dùn.
Fọlárìn wò ó, ó wò mí,
ó gba síbí, ó ń bù ú jẹ bí ẹni ń jẹ gààrí gbígbẹ.

Ti ọbẹ̀ rẹ̀ tilẹ̀ tún yàtọ̀.
Mílíìkì inú agolo, èyí tó ki, tó dùn bí oyin,
tí a máa ń fi pa búrẹ́dì nígbà tí ọwọ́ bàbá wa bá dẹ̀,
òun ni wọ́n ń da fínígà sí!
Mo dúró, ìgò lọ́wọ́ ọ̀tún, agolo lọ́wọ́ òsì,
mo ní, kí ará ilé má ṣe gbọ́.
Mo lù ú, mo lù ú bí ẹni ń lu ẹyin.
Ó ṣàn bí omi ìrẹsì.

Ni mo bá lọ kan ilẹ̀kùn Fúàdì fúnra rẹ̀,
yìnyín dé ọrùn ẹsẹ̀,
agolo òfìfo lọ́wọ́ mi bí ẹni wá fọn iná.
Baba náà rẹ́rìn-ín títí ó fi di orúnkún mú.
Ó ní: fínígà, díẹ̀díẹ̀. Síbí, kó yí i ká lẹ́ẹ̀kan. Kí o fi í sílẹ̀.
Ó ní: ẹran yẹn, má pò ó. Nà án.
Gbé e sókè, sọ ọ́ mọ́ pákó, ogún ìgbà.
Mo ní, "Ogún?"
Ó ní, "Tí inú bá ń bí ọ, ọgbọ̀n."

Lálẹ́ Jímọ́ọ̀ tó tẹ̀ lé e
mo kà á dé mẹ́rìnlélógójì.
Mo sọ ọ̀kan nítorí owó ilé tó ń gòkè láìwẹ̀yìn,
ọ̀kan nítorí arúgbó tó ń fi orúkọ ẹlòmíràn pè mí,
ọ̀kan nítorí baba Fọlárìn ní Àlùbátà, tó ní òun yóò pè lánàá.
Ẹni tó ń gbé ìsàlẹ̀ wa fi ọ̀pá ìgbálẹ̀ gún àjà rẹ̀.
Ẹran di. Ó gé pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ.
Ọbẹ̀ funfun dúró lójú síbí, kò yẹ̀.

Fọlárìn gé e jẹ, ó pa ojú dé.
"Mọ́mì, ó ku nǹkan kan."
Iyọ̀ ni? Ó mi orí. Ata?
Ó dìde, ó fa bébà fàdákà ya, ó wé tèmi, ó wé tirẹ̀,
ó wọ bàtà òtútù, ó mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò lórí ìṣó.

A jókòó sínú mọ́tò níwájú ilé, a kò tan án,
epo kì í ṣe omi.
Èémí wa bo gíláàsì títí a kò rí òpópónà mọ́.
Ọbẹ̀ ń kán sí etí apá ẹ̀wù rẹ̀, ó ń lá a.
N kò bi í bóyá ó ti pé.
Ó na ìka, ó ya irin kan tí ẹran yí ká sára gíláàsì,
ó sì nu igun kan fún mi kí n lè máa wòta.