Ayaba Mẹ́rin ní Oulu

Aago mẹ́ta òru ti kọjá díẹ̀. Oulu sùn fọnfọn.
Òjò dídì ń bọ́ sórí fèrèsé bí ìyẹ̀fun tí wọ́n ń jọ̀.
Raili jókòó nílé ìdáná, bàtà iṣẹ́ lẹ́sẹ̀,
ife kọfí kan, kọ̀ǹpútà kan tí igun rẹ̀ ti sán.
Bó bá di aago márùn-ún, yóò gun ọkọ̀ ńlá
tó ń gbá òjò dídì kúrò lójú títì.
Kó tó dìgbà náà, káàdì ni.

Ayaba méjì ni wọ́n kọ́kọ́ pín fún un.
Ó ní, ó dáa.
Wọ́n ṣí mẹ́ta sáàárín tábìlì:
ayaba ọkàn pupa, ayaba ewé dúdú,
àti ẹẹ́fà kan tí kò já mọ́ nǹkan kan.

Mẹ́rin.
Gbogbo ayaba tó wà nínú káàdì pátá
kóra jọ sọ́dọ̀ obìnrin kan tó wọ ṣòkòtò òróró.
Ó wẹ̀yìn wò, bí ẹni pé ẹnìkan lè rí i.

Ẹnìkan ṣoṣo ló kù nínú eré: Zubr81, ará Lublin,
àwòrán ẹfọ̀n ló fi ṣojú.
Yúrò mẹ́jọ ló wà nílẹ̀. Ẹfọ̀n ju márùn-ún lé e.
Ó kan Raili.

Báwo ni wọ́n ṣe ń gbé ẹrù ayọ̀ kó má dún?
Bó bá ti gbogbo owó rẹ̀ síwájú,
ẹfọ̀n á gbóòórùn ọdẹ, á wọgbó lọ.
Bó bá kàn tẹ̀ lé e jẹ́jẹ́ ńkọ́?
Wọ́n ní kí èèyàn fẹ̀jẹ̀ sínú, kó tutọ́ funfun jáde.
Wọn ò sọ iye ìgbà tẹ́nu fi lè gba ẹ̀jẹ̀ dúró.

Ìlà àkókò ń kúrú lójú gíláàsì.

Ó rántí Veikko, bàbá rẹ̀,
lórí adágún tó dì gbagidi, ihò róbótó kan nínú yìnyín.
Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni, okùn tín-ín-rín wà láàárín ìka rẹ̀.
Okùn mì. "Má tíì fà."
Okùn tún mì. "Mo ní má tíì fà."
Nígbà tí Veikko fi ní "Ó yá!"
ìwọ̀ nìkan ló jáde, ó mọ́ tónítóní.
Bàbá rẹ́rìn-ín: ẹja ti jẹun tán, ó ti lọ kí àwọn ará ilé rẹ̀.
Lọ́jọ́ kejì, Raili yára fà á.
Ìwọ̀ lásán náà ni.

Ìlà kù bí èékánná. Ó tẹ̀ ẹ́: márùn-ún, kò fi kún un.

Káàdì kẹrin, ẹẹ́wàá. Ẹfọ̀n dákẹ́.
Raili náà dákẹ́, ó mu kọfí tútù
bí ẹni tí kò ní nǹkan kan lọ́wọ́.
Káàdì karùn-ún, eéjì. Ẹfọ̀n tún dákẹ́.
Wàyí o, kò sí káàdì mọ́ tí wọ́n ń dúró dè.
Ogójì? Ogún?
Ó fi yúrò mẹ́rin sílẹ̀,
bí ẹni ń tọrọ iyọ̀ lọ́wọ́ aládùúgbò.

Ìlà àkókò ti ẹlòmíràn ló wá ń jó báyìí.
Ṣé òun náà wọ bàtà iṣẹ́?
"Máa bọ̀," Raili sọ fún gíláàsì. "Máa bọ̀, ọmọ ìyá mi."

Ẹfọ̀n ju káàdì nù.

Yúrò méjìdínlógún; mẹ́sàn-án nínú rẹ̀, tirẹ̀ ni tẹ́lẹ̀.
Ẹ̀rọ bi í: ṣé kí n fi káàdì rẹ hàn?
Ó wo àwọn ayaba náà fún ìgbà díẹ̀.
Ó ní rárá. Ta ni wọ́n fẹ́ jó fún? Òǹwòran ti relé.

Ní ibùdó ọkọ̀, Jarkko fọwọ́ lérí:
"Mẹ́rin? Èmi ni, gbogbo owó ni mà á tì síwájú lójú ẹsẹ̀!"
Taina gbórí jáde lábẹ́ ẹ́ńjìnnì:
"Irọ́ ni. Yúrò kan péré ni ì bá fi sílẹ̀."
Káàdì ọwọ́ ẹlòmíràn kì í ṣòroó ta.

Raili ò fèsì. Ó sọ irin ọkọ̀ kalẹ̀.
Òjò dídì là sọ́tùn-ún, ó là sósì,
títì dúdú yọ jáde níwájú rẹ̀,
lẹ́yìn rẹ̀, ó tún ti ń funfun.