Ìlẹ̀kùn Apá Òsì

Ní Tokamachi, níbi tí yìnyín ti ń ga ju fèrèsé lọ,
iṣẹ́ mi ni kí n wo ọkọ̀ àlòkù, kí n sọ iye tó kù lára rẹ̀.
Ẹni tó fẹ́ tà ń rò pé olè ni mí.
Ẹni tó fẹ́ rà ń rò pé mo ti gba rìbá.

Mi ò kì í kọ́kọ́ wo ẹ́ńjìnnì.
Mo máa ń dọ̀bálẹ̀ fún ọkọ̀ bí ẹni tó wá tọrọ ìyàwó,
kí n lè rí abẹ́ rẹ̀.
Iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì kí táyà má baà yọ̀,
òun náà ló ń yọ irin lẹ́nu.
Bí ọkọ̀ dán lókè bíi dígí, tó ti dógùn-ún nísàlẹ̀,
owó ti ń já bọ́ kí n tó dìde.

Ọ̀rọ̀ iye ọkọ̀ kò sí lọ́wọ́ ẹni tó ni ín.
Funfun ń tà, dúdú ń tà;
aláwọ̀ ewé, kí ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀ máa gbé e dàgbà.
Bí ilé-iṣẹ́ bá yí imú ọkọ̀ padà lóṣù Kẹrin,
tìrẹ tó wà nílé, tí kò ṣẹ ẹnikẹ́ni,
a di arúgbó lóru ọjọ́ kan.
Bí àwọn kan létí òkun tí mi ò mọ̀ bá dédé nífẹ̀ẹ́ irú rẹ̀,
a tún di ọmọge.

Lẹ́yìn ìkórè ìrẹsì, Màmá Mikuriya Hatsue pè mí.
Ọkọ̀ kékeré, àwọ̀ eérú, ọdún mọ́kànlá,
kìlómítà ẹgbẹ̀rún mọ́kàndínlógún péré.
Bàbá ti kú. Ìwé àtúnṣe pé. Kò sí òórùn sìgá.
Ọ̀rá ṣì wà lórí àga ẹ̀yìn.
Ọkàn mi ti kọ iye tó dára sílẹ̀ kí ọwọ́ mi tó dé ibẹ̀.

Mo ní irinṣẹ́ kan tí kò tóbi ju ọṣẹ ìwẹ̀ lọ,
ó ń sọ bí ọ̀dà ṣe nípọn tó.
Bọ́nẹ́ẹ̀tì: ọgọ́rùn-ún. Òrùlé: ọgọ́rùn-ún.
Ìlẹ̀kùn apá òsì: ọ̀ọ́dúnrún ó lé ogún.
Mo tún gbé e lé e.
Ọ̀ọ́dúnrún ó lé ogún.
Mo ká rọ́bà etí rẹ̀ kúrò; wọ́n ti jó òpó àárín pọ̀.

"Màmá, ọkọ̀ yìí ti ní jàǹbá rí."
"Rárá o. Shigenobu? Ìgbín ń yá a sílẹ̀ lójú ọ̀nà."
Mo ṣí ìwé àtúnṣe. Oṣù Kọkànlá, ọdún kẹta:
wọ́n pààrọ̀ epo ẹ́ńjìnnì, ọkọ̀ sùn lọ́dọ̀ mẹkáníìkì fún ọjọ́ mẹ́rin.
Epo wo ló ń gba ọjọ́ mẹ́rin?

Ó dákẹ́. Ó ń fi ìka ṣírò.
Àfi bó ṣe bú sẹ́rìn-ín.
"Oṣù Kọkànlá yẹn! Ó gbé àpótí èso kaki wálé,
ogójì ẹyọ, láìsí àlejò, láìsí ọjọ́ ìbí.
Ó ní wọ́n dínwó ni.
Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ń bó o, tí mo ń so ó rọ̀ sábẹ́ òrùlé,
tí mo ń bú u. Kò fèsì.
Ó kàn jókòó, ó ń bá mi bó o."
Ó nu ojú. "Èló ni ìlẹ̀kùn yẹn gbé lọ?"
"Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́sàn-án yẹ́ẹ̀nì."
"Háà. Kaki yẹn wọ́n o."

Lọ́jọ́bọ̀ tí ọkọ̀ akẹ́rù wá gbé e lọ sí gbàǹjo,
ó wọ bàtà òjò jáde,
ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ìlẹ̀kùn náà lẹ́ẹ̀mejì,
bí a ti ń gbá ẹ̀yìn ọmọ tó purọ́ tí ebi sì ń pa.
Ó gbá ti apá ọ̀tún náà.
Ó yí sí mi: ṣé mo gbọ́?
Mo gbọ́. Ti òsì ló wúwo lóhùn.