Òrùka Lórí Ìṣó

Kò kúnlẹ̀.
Orúnkún Eilif ti bàjẹ́ láti ọjọ́ tí ọkọ̀ gbá a mọ́ òpó èbúté,
ó sì ti sọ fún mi tẹ́lẹ̀ pé bí òun bá kúnlẹ̀ pẹ́nrẹ́n,
èmi ni n óò gbé òun dìde.
Orí ìdúró ló wà, kẹ́tùrù lọ́wọ́,
ó ń da omi gbígbóná sí yìnyín tó dí ihò kọ́kọ́rọ́ wa,
ó ní, "Gunnvor, ṣé kò yẹ ká fẹ́ra báyìí?"
bí ẹni ń béèrè bóyá iyọ̀ ṣì kù nílé.

Mo ní, "Ihò ni kó o da omi sí, má dà á sí bàtà mi."
Ìgbà tí ilẹ̀kùn ṣí ni mo tó dá a lóhùn.

Òrùka méjì ni, tirẹ̀ kan, tèmi kan.
Bí wọ́n ti ń ṣe é ní erékùṣù wa nìyí:
ẹni méjèèjì là ń dè, a kì í de obìnrin nìkan.
Inú agolo kọfí ló kó wọn pamọ́ sí láti oṣù kẹwàá,
òrùka mi ń ta sánsán bí òwúrọ̀.
Ó fẹ̀ jù. Mo fi òwú we é nínú.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ rò pé "mo gbà" ló parí ọ̀rọ̀,
ẹ wá wo ìyá mi.
Ó ti da ìwé owó iná dojú bolẹ̀, ó ń kọ orúkọ sí ẹ̀yìn rẹ̀.
Ogójì èèyàn. Ọgọ́ta.
Méjìdínlọ́gọ́rin.
"Màmá, gbọ̀ngàn abúlé ò gbà ju àádọ́ta lọ."
"Wọn á fún ara wọn."

Ọjọ́ wo wá ni?
Láti oṣù kìíní títí dé oṣù kẹrin, pánla ń wọ́ bọ̀ láti àríwá,
kò sọ́kùnrin tó máa fi àwọ̀n sílẹ̀ nítorí kéèkì.
Oṣù karùn-ún, àgùntàn ń bí.
Oṣù keje, oòrùn kì í wọ̀,
ta ni yóò wá mọ ìgbà tó yẹ kí àlejò máa lọ sílé?
Oṣù kejìlá, kì í yọ rárá,
ìyá mi sì ní òun ò ní fọmọ fọ́kọ nínú òkùnkùn.
A fẹnu kò sí oṣù kẹjọ.
Inú wa dùn fún ìṣẹ́jú mẹ́ta,
kí Eilif tó rántí pé àwọn oníbíńgò ló ni gbọ̀ngàn ní gbogbo Sátidé.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi Sigvald àti Àǹtí Borghild
kò tíì bára wọn sọ̀rọ̀ láti ọdún mọ́kànlá, nítorí ahéré ọkọ̀ kan
tí ìjì ti gbé lọ báyìí.
Níbo la ó fi wọ́n jókòó sí?
Eilif ní ká fi pásítọ̀ sáàárín wọn.

Lálẹ́, mo tún orúkọ náà kà.
Mọ́kàndínlọ́gọ́rin.
Nísàlẹ̀ pátápátá, ní lẹ́tà kéékèèké: Anfinn.
Bàbá mi.
Ọdún kẹfà rèé tí òkun ti dá bàtà rẹ̀ kan padà fún wa,
bàtà nìkan.
N kò bi ìyá mi léèrè. N kò pa á rẹ́.
Àga kan, kí ló fẹ́ ná wa?

Ní òwúrọ̀, níbi tí a ti ń la ẹja,
mo bọ́ òrùka, mo fi í kọ́ ìṣó lẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ òjò.
Ọjọ́ mẹ́rin péré ni mo tíì wọ̀ ọ́,
síbẹ̀ àtàǹpàkò mi ń wá a kiri
bí ẹni tó gbàgbé iná sílé.

Mo ní, "Eilif, ta ló máa mú mi wọ ṣọ́ọ̀ṣì?"
Ọ̀bẹ rẹ̀ kò dúró.
Ó ní, "Ìwọ náà ò rí i ni?
Láti àná ni ìyá ẹ ti ń fi ẹsẹ̀ wọn ojú ọ̀nà,
ó ń rìn díẹ̀díẹ̀, ó yọ igunpá sẹ́gbẹ̀ẹ́
bí ẹni pé ẹnìkan dì í mú."