Kí A Tó Rì

Jókòó sétí ọkọ̀, àlejò, jẹ́ kí n yẹ àgbá ẹ̀yìn rẹ wò.
Mí sínú. Mí síta. Má sáré mí;
afẹ́fẹ́ inú irin yìí, ìwọ̀n ni.
Dalisay lorúkọ mi. Ọmọ Temyong ni mí,
Temyong Ọlọ́wọ́-Kan ti erékùṣù Tagbakan,
òun ló di okùn mú nídìí ọkọ̀ yẹn.
Wọ́n á ti sọ ìtàn ọwọ́ náà fún ọ ní èbúté,
ṣùgbọ́n wọn kì í sọ ọ́ tán.

Ìgò bíà ni. Ajílẹ̀ tí wọ́n kì sínú rẹ̀,
okùn iná kúkúrú, ìṣáná.
Bàbá mi a sọ ọ́ sómi, a ka ení, èjì,
òkun a hú lẹ́ẹ̀kan bí ẹni ikọ́ gbé,
ẹja a léfòó, ikùn funfun lókè,
a ó máa fi agbọ̀n kó wọn
bí ẹni ń ṣa èso lábẹ́ igi.
Mo jẹ nínú rẹ̀. N kò ní purọ́ fún ọ.
Ẹja yẹn ló ra bàtà tí mo kọ́kọ́ wọ lọ sílé ìwé.
Lọ́jọ́ kan, okùn náà kúrú jù.

Tutọ́ sínú awò ojú rẹ, fi ìka rà á;
itọ́ ni kì í jẹ́ kó ṣú.
Nísàlẹ̀, ọwọ́ nìkan la fi ń sọ̀rọ̀.
Má na àtàǹpàkò sókè láti sọ pé inú rẹ dùn:
lọ́hùn-ún, ó túmọ̀ sí pé ká máa lọ sílé.

Oko àfọ́kù lo máa kọ́kọ́ rí.
Bàbá mi ló ro ó.
Ogún ọdún, kò hu nǹkan kan,
nítorí gbogbo ìgbì ló ń yí àfọ́kù náà kiri,
ohun tí kò dúró kò sì lè ta gbòǹgbò.
Má yí ojú kúrò. Wò ó dáadáa.

Lẹ́yìn náà, ògiri.
Àwọn kan ń fi iyùn sọ́rùn;
lọ́dọ̀ wa, òkun ló wọ̀ ọ́, kò tíì bọ́ ọ.
Kì í ṣe òkúta o. Abẹ̀mí ni, kékeré lórí kékeré,
ilé tí onílé kú sí, tí ọmọ rẹ̀ kọ́lé lé e lórí,
ìwọ̀n èékánná kan lọ́dún.
Ẹsẹ̀ rọ́bà rẹ lè fi ìtapá kan
wó ohun tó dàgbà ju ìyá rẹ lọ.
O máa gbọ́ ìró kẹ́kẹ́kẹ́:
ẹja ẹlẹ́nu odídẹrẹ́ ló ń jẹun. Jẹ́ kó jẹun.

Lọ́dún tí omi gbóná, ògiri náà funfun báláú.
Àwọn àlejò ní ó rẹwà. Wọ́n ya fọ́tò.
Ebi ni wọ́n ń yà.
Apá kan padà yọ àwọ̀. Apá kan kò padà.

Wo irin tí a rì mọ́ àárín oko àfọ́kù yẹn.
Bàbá mi ló ń so ẹ̀ka iyùn mọ́ ọn kí n tó gbé e wọlẹ̀,
ọwọ́ kan, eyín mẹ́rin tó kù níwájú,
ó ń fi eyín fa okùn, ó ń bú u.
Mọ́kànlélógójì la gbìn lọ́dún tó kọjá.
Mọ́kàndínlógún kú.
Nínú ọ̀kan tó yè, ẹja kan tí kò ju ìka mi lọ
ti ń lé mi, ó ní ilé òun nìyẹn.

Ó tó. Di awò rẹ mú, yí ẹ̀yìn sómi.
Bàbá mi á máa ka ìṣẹ́jú wa lókè,
ení, èjì,
bó ṣe máa ń kà á láyé ìgò,
àfi pé ní báyìí
ohun tó sọ sómi ló ń retí
kó jáde láàyè.