Igun Ìsàlẹ̀, Lápá Òsì

Ẹ̀jẹ̀ ọmọ Ìlíkìmì kan dé láàárọ̀
nínú ike olómorí elésè àlùkò.
Sẹ́míjàn ló gbé e wá sí Kétu,
eruku pupa bo ọlọ́kadà náà dé ọrùn.
Ọmọ ọdún mẹ́fà. Ibà ń lọ, ibà ń bọ̀.
Wọ́n ní kí n sọ irú jagunjagun tó kù nínú rẹ̀.

Mo pa iná yàrá.
Aró tiwa ò fẹ́ràn ìmọ́lẹ̀,
ó máa ń ṣá bí aṣọ tí a gbàgbé sórí okùn.
Mo kán díẹ̀ sí i, mo tún kán díẹ̀,
aró kọ̀ọ̀kan, ilà kan ṣoṣo ló mọ̀ ọ́n dì mú.
Ogún ìṣẹ́jú nínú òkùnkùn.
Mo jókòó tì í bí ẹni tó ń ṣọ́ ìkòkò aláró.

Ìyá bàbá mi kọ pélé.
Ó ní nígbà tí Kétu fọ́,
wọ́n kó ìyá-ńlá òun lọ sí Àgbómẹ̀ ní kékeré.
Ó gbàgbé orúkọ bàbá rẹ̀, ó gbàgbé èdè,
títí obìnrin kan tí kò mọ̀ ọ́n rí fi wo ojú rẹ̀ létí odò,
tó sọ garawa sílẹ̀, tó bú sẹ́kún:
"Tiwa nìyí."
Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rántí ohun tí ẹnu ti gbàgbé.

Ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í kùn.
Wọ́n ń kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan níwájú iná tó tín-ín-rín ju abẹ́rẹ́,
bí èrò ibodè Ìlárá,
kò sẹ́ni tó lè fara pamọ́ sẹ́yìn ẹnìkejì.
Nọ́ńbà ni orúkọ ilà wọn.
Ẹni tó bá kọ Ilà Kẹta, ará agboolé kan náà ni.
Bó bá tún kọ Ikẹrin, akéde ogun ni.
Bó bá ṣe Ikẹjọ ni, ẹ yà fún un:
ilé tí ọ̀tá bá wọ̀, òun ló ń wó o tonílé-tonílé.
Ikọkàndínlógún kò sí lágboolé yẹn,
alágbẹ̀dẹ ni tirẹ̀, ọfà ló ń rọ.

Mo fa ààlà yí wọn ká lójú kọ̀ǹpútà,
ìdènà kan lẹ́yìn òmíràn,
bí Àkábà tí àwọn baba wa fi ti ìlú:
ẹnu ọ̀nà àkọ́kọ́ gbà ọ́ wọlé,
èkejì ló máa bi ọ́ léèrè.

Ṣàbí, ọmọ Ṣábẹ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi, pariwo:
"Ọ̀gá, ẹ wo èyí! Ó kọ Ikẹrin, ó tún kọ Ikẹjọ!"
Mo ní kó fara balẹ̀.
Ó lè jẹ́ méjì ló lẹ̀ mọ́ra kọjá
tí ẹ̀rọ kà sí ẹyọ kan.
Ó sì lè jẹ́ òkú.
Òkú kì í sọ pé rárá fún aró.
Èyí tó o bá fi kàn án, yóò gbà á,
gbogbo ìlú ni yóò máa pè ní ìlú òun.
Ìdí nìyẹn tí a fi ń yọ òkú kúrò ká tó ka alààyè.

Ṣàbí dákẹ́.
Ìgbà yẹn ni mo rántí pé bàbá rẹ̀ kú lẹ́ẹ̀rùn tó kọjá,
ìdílé mẹ́ta ló sì wá jà sí pósí.

Iná lọ.
Ó gbé kẹ́ẹ̀gì kpayo jáde sídìí jẹnẹrétọ̀,
ó pẹ́ níta ju bó ṣe yẹ.

Nígbà tí ojú kọ̀ǹpútà là padà,
mo wo igun ìsàlẹ̀, lápá òsì,
níbi tí à ń kó àwọn tí kò kọ ilà kankan sí.
Wọ́n pọ̀ níbẹ̀ bí èlùbọ́ tó dà sílẹ̀.
A kò fún wọn lórúkọ nínú ìwé.
Bàbá mi ló ní wọn ò gbọdọ̀ fabẹ kàn mí lójú.
Ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi ń dán.
Létí odò Àgbómẹ̀, ta ni ì bá sọ garawa sílẹ̀ nítorí mi?

Kì í ṣe pé wọn ò nílà.
Aró tó mọ̀ wọ́n ni a ò tíì rà.

Mo kọ iye Ikẹrin ọmọ náà sílẹ̀.
Ó kéré. Kò kéré jù.
Ọlọ́kadà ti dé ẹnu ọ̀nà, ó ń tẹ fèrè.