Ẹ̀rọ Tó Ń Ka Ìgbà Tí Iná Lọ

Ní yàrá ẹ̀yìn, ní Ìjọ̀kà, l'Ákùúrẹ́,
mo jókòó ti pátákó funfun oníhò wẹ́wẹ́,
mo fẹ́ kọ́ ẹ̀rọ kan tí yóò máa ka
iye ìgbà tí wọ́n ń mú iná wa lọ lóòjọ́.
Kì í ṣe pé mo fẹ́ pe ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́.
Mo kàn fẹ́ mọ̀ ni.

Màmá Akíntọ́mídé ní iná lọ lẹ́ẹ̀mẹfà lánàá.
Ọkọ wọn ní ẹ̀ẹ̀mẹrin ni.
Ìjà yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tú ilé ká.

Mo to áísíì mẹ́ta sórí ìlà,
ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rìndínlógún, dúdú, bíi kòkòrò tó lúgọ.
Mo fa wáyà pupa, mo fa wáyà dúdú,
mo tan án.
Òdo.
Mo tẹ bọ́tìnnì: ení. Mo tún un tẹ̀: mọ́kànlá.
N ò tẹ nǹkan kan: mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n.
Àfi bí ọmọ tí wọ́n rán lọ ra ẹ̀pà
tó ń ka ṣéńjì fún ìyá rẹ̀.

Mo bú áísíì kẹta, tó gbé nọ́ńbà jáde.
Mo ní ayédèrú ni wọ́n tà fún mi.
Mo yọ ọ́, mo fi òmíràn sí i;
èyí náà purọ́ bíi ti àkọ́kọ́.
Mo dẹ́bi fún wáyà, mo dẹ́bi fún ooru,
ó kù díẹ̀ kí n dẹ́bi fún ológbò.

Ìgbà náà ni mo rántí Bọ̀dá Fọlárìn
tó ń tún rédíò ṣe ní Ìsìkàn kí ojú wọn tó fọ́:
"Má tíì bi orí léèrè. Bi ikùn.
Ẹ̀rọ tí ebi ń pa, ìsọkúsọ ni yóò sọ."

Mo mú mítà.
Bátìrì nìkan, láìgbé ẹrù: fóòtì mẹ́sàn-án géérégé.
Mo gbé ẹrù lé e: mẹ́sàn-án di méje,
méje ń rọ̀ lọ sí márùn-ún.
Ẹ wo bàbá tó ń yangàn lórí ìjókòó,
tí wọ́n ní kó dìde wá gbé àpò gàrí kan!
Mo gbé e jù sábẹ́ ibùsùn.
Mo gé okùn ṣájà fóònù kan tí ẹnu rẹ̀ ti kán,
fóòtì márùn-ún, kò lé, kò dín.
Ẹ̀rọ ṣì ń ṣìrànrán.

Mo wá ń tọ iná lẹ́sẹ̀ bí ẹní tọpa òkété,
ihò kan sí ihò kejì.
Ní ìbẹ̀rẹ̀ pátákó: márùn-ún.
Níwájú díẹ̀: márùn-ún.
Mo kọjá ìdajì, mítà ní: òdo.
Mo nu ojú. Mo tún wò ó. Òdo.
Ìlà pupa tí wọ́n kùn sí etí pátákó,
tí mo ti ń wò láti ọjọ́ Ajé,
já ní àárín: àlàfo kan tí kò ju hóró ìrẹsì lọ.
Ojú mi ló so ó pọ̀, irin ò so ó.
Áísíì kẹta kò jẹun rí láti ọjọ́ tí mo ti gbé e síbẹ̀;
èérún iná tó ń jò wá láti ọwọ́ àwọn ará yòókù
ni ó ń lá, tó fi ń ṣiṣẹ́.
Mo sì ti bú u.

Mo gé wáyà kékeré, mo fi ṣe afárá.
Mo mú kàpásítọ̀ wẹ́wẹ́ aláwọ̀ ọsàn,
mo fi ọ̀kọ̀ọ̀kan ti ìdí áísíì kọ̀ọ̀kan
bí ìkòkò omi ẹnu ọ̀nà:
bí odò bá jìnnà, a ó rí nǹkan bù mu.
Mo tẹ̀: ení. Mo tẹ̀: èjì.
Mo tẹ̀ ẹ́ dé ogún, kò fo ọ̀kan.

Aago mẹ́jọ kọjá díẹ̀, iná lọ.
Gbogbo àdúgbò ké "Áàà!" lẹ́ẹ̀kan náà.
Mo sáré yíjú sí ẹ̀rọ mi
kí n rí i bí yóò ṣe kọ ení àkọ́kọ́.
Ojú rẹ̀ ṣú bí ojú gbogbo wa.
Ṣájà tí mo so ó mọ́, ara ògiri ló ti ń mumi.

Mo rẹ́rìn-ín nínú òkùnkùn
títí Màmá Akíntọ́mídé fi gbá ògiri.
"Ṣé ó ti kà á?"
"Ó kà á, mà. Ó kàn gbàgbé ni."
Mo kúnlẹ̀, mo nawọ́ sábẹ́ ibùsùn,
mo ń fọwọ́ tá bàbá àgbà oní-fóòtì-mẹ́sàn-án,
mo ní kó jọ̀ọ́, kó má bínú.