Ìtìjú Afẹ́fẹ́

Ní Göttingen, lálẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan tí òjò dídì ń bọ́,
Frauke ti ilẹ̀kùn irin, ó pa gbogbo iná.
Ihò ńlá tí wọ́n kọ́ fún ẹ̀fúùfù ń kùn bí afárá oyin.
Ìyẹ́ ọkọ̀ òfurufú kan wà nínú rẹ̀,
kò gùn ju apá ọmọdé lọ,
kò sì ní ọkọ̀ kankan tí yóò gbé fò.

Detlev, tó ku oṣù mẹ́ta kó fẹ̀yìn tì,
ṣì fi wáyà tín-ín-rín kan sápò ẹ̀wù.
Òun ni wọ́n fi ń wọn afẹ́fẹ́ nígbà ọ̀dọ́ rẹ̀:
a ó tì í bọ inú ìjì, yóò gbóná, yóò tutù, yóò sọ iye.
"Ṣùgbọ́n ibi tí mo bá ti kì í bọ̀," ni ó wí,
"afẹ́fẹ́ á yà fún un,
bí ọmọ ilé tó rí àlejò, tó sáré tún aṣọ ṣe.
Ogún ọdún ni mo fi wọn ìtìjú afẹ́fẹ́,
mo pè é ní ìwà rẹ̀."

Frauke kò dáhùn.
Ó tú òróró sílẹ̀ bí ìkùukùu, kíún-kíún, ó kéré ju ìrì lọ,
ohun tí afẹ́fẹ́ á gbé láìmọ̀ pé òun rẹrù.
Ó ní kí a wọ awò. Èmi ni wọ́n fi ṣọ́ bọ́tìnì pupa.
Lésà yọ, aṣọ àwọ̀ ewé, ó fẹ́lẹ́ bí etí ìwé:
ẹ̀ẹ̀kan,
òkùnkùn,
ẹ̀ẹ̀kejì.
Àárín ìmọ́lẹ̀ méjèèjì kò tó kí eṣinṣin gbọn ìyẹ́.
Níbo ni ẹ̀kán yìí wà? Níbo ló sún sí?
Ìyẹn nìkan là ń béèrè.

Wọ́n ní afẹ́fẹ́ fẹ́, a rí fùrọ̀ adìyẹ.
Lálẹ́ yìí adìyẹ ò sí ńlé;
afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀ ló ṣíṣọ lójú ara rẹ̀.

Lórí kọ̀ǹpútà, ọfà wẹ́wẹ́ tò bí irun tí a yà,
àfi lẹ́yìn ìyẹ́ náà: níbẹ̀ wọ́n dàrú, wọ́n ń yí po,
wọ́n ń padà sẹ́yìn bí ẹni tó gbàgbé kọ́kọ́rọ́.
Detlev sún mọ́ ọn títí èémí rẹ̀ fi bo gíláàsì.
"Ibí yìí," ó ní. "Ibí yìí gan-an ni wáyà mi máa ń wà."

Nígbà tí a jáde, kò ṣí agboòrùn.
Ó dúró lábẹ́ iná òpópónà, ọwọ́ lẹ́yìn,
ó ń wo bí òjò dídì ṣe ń yí igun ilé búrẹ́dì ká.